Ológbò Tí Ìgbẹ́ Ń Há

Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò kúnlẹ̀ ti àwo yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tí n óò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé ológbò yàgbẹ́, n óò ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Tíṣà ni mo jẹ́ nílé. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya odò Potomac, odò ilẹ̀ òyìnbó, sí ojú pátákó rí, mo sì ti na ọmọ tí kò mọ ibi tó ti ṣàn wá. Nígbà tí mo wá dé etí odò náà fúnra mi, ní Fort Washington, níbi tí ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí gbé mi lọ kí n lè rí i, mo dúró, mo wò ó títí, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tó sọ fún mi pé mo ti dé. Omi ni. Ó ń lọ sí ibi tó ń lọ.

Ìyàwó mi ti kú nígbà tí mo fi kúrò nílé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún mi, Rófíátù, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí. Mo ní ọdún méjì péré ni, ìwé ìgbélùú á jáde, n óò mú un wá. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọdún méjì yẹn dà.

Landover, ìlú kan lágbègbè odò náà, ni mo wọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà títí di òní. Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Mo kí i, mo béèrè bó ṣe sùn, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń retí kí n fa ọjà tí mo fẹ́ tà fún un yọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń mi orí lásán, kí a kọjá lọ.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tí kò jìnnà sí ilé. Páálí á máa bọ̀, n óò fi ẹ̀rọ ọwọ́ yẹ àmì ara rẹ̀ wò, n óò gbé e sí ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ náà mọ iye tí mo gbé, ó sì mọ ìgbà tí mo dúró láti na ẹ̀yìn. A kì í mú fóònù wọlé. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a ń kó o sí tí a ó sì tì í pa. Súpáfáísọ̀ mi ní orúkọ mi ti gùn jù, ó gé e kù sí lẹ́tà méjì. N kò jiyàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sá, ní pápá ńlá tó wà nítòsí wa, ọkọ̀ á kún títì, ariwo á wọ inú yàrá mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Màámi á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé fóònù fún ọmọ.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ilé ìwé ń kọ́?"

"Dáadáa ni, sà."

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" N óò ní kò ní pẹ́. Ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ á kàn parí síbi "Dáadáa ni, sà." Ọjọ́ tí mo kíyè sí i pé kò béèrè mọ́, mo jókòó sórí ibùsùn mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń dúró kí mi nínú ilé náà ni Miss Loretta, àgbàlagbà obìnrin aláwọ̀ dúdú ará ibẹ̀, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Ó ní ológbò kan tó pọ́n bíi epo tó ti dì, Butter ni ó ń pè é. Ní ọdún kẹfà mi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ́ ilé tuntun sí Brandywine, ó ní kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó ọmọ náà máa ń wú bí ológbò bá ti sún mọ́ ọn. Miss Loretta gun àtẹ̀gùn wá bá mi pẹ̀lú ológbò lábẹ́ apá.

"Ìwọ nìkan lo wà," ó wí. "Òun náà ti fẹ́ di òun nìkan. Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbẹ́ máa ń há a díẹ̀ nígbà míì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

N kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá fún àgbàlagbà tó ń sunkún. Mo gbà á. Bọ́tà ni èmi ń pè é.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, ó ní, "Ológbò kò burú. Ẹran mímọ́ ni nínú ẹ̀sìn wa. Ṣé eku pọ̀ níbẹ̀ ni?"

"Kò sí eku, Màámi."

"Kí ló wá fẹ́ máa ṣe?"

Mo ní kó gbé fóònù fún Rófíátù.

Kò tó oṣù kan tí mo fi mọ ohun tí Miss Loretta ń pè ní díẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí Bọ́tà nínú àwo yẹ̀pẹ̀ tó ń yàgbẹ́ sí, ó lóṣòó, ó ń tiraka, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó kúrò níbẹ̀, ó tún padà síbẹ̀. Ó ké bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì kò fẹnu kan oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìfófó pupa rúsúrúsú ni.

Mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe nílé fún ọmọ tí inú rẹ̀ bá kún. Mo lọ sí ilé ìtajà oògùn, mo ra èyí tí wọ́n ń fún sí ìdí, tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé mo pe ilé ìwòsàn ẹran kí n lè béèrè iye tí n óò fún un. Obìnrin tó gbé fóònù pariwo mọ́ mi létí.

"Má ṣe é! Gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ! Tèèyàn nìyẹn, ó lè pa ológbò láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣé ó ń tọ̀?"

"Ó ń tọ̀."

"Ó dára. Gbé e wá nísinsìnyí."

Títí di òní, bí mo bá rántí bí mo ṣe di páálí oògùn yẹn mú, ara mi á bù máṣọ.

Dókítà ẹran náà jẹ́ obìnrin kúkurú kan tí irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó gbé àwòrán egungun Bọ́tà sójú iná, ó fi ìka tọ́ka sí ìbàdí rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ti gbá a rí, bóyá nígbà tó wà lọ́mọdé, kí Miss Loretta tó rí i he. Egungun ìbàdí náà fọ́, ó sì to ara rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wù ú, ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà jáde wá há. Ìgbẹ́ tó jókòó sẹ́yìn ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ìgbẹ́ náà títí ó fi rọ̀, wọ́n sì kó o jáde díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, dókítà jókòó tì mí. "Èyí kì í ṣe àìsàn tí a ó wò tí yóò lọ," ó wí. "Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Bó o bá ń tọ́jú rẹ̀, ó lè pẹ́ láyé. Bó o bá ń gbàgbé, ìfun rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, ọjọ́ kan á sì dé tí kò ní lágbára láti ti nǹkan kan jáde mọ́."

Báyìí ni mo ṣe di olùtọ́jú ológbò. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, n óò po oúnjẹ inú agolo mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu, nítorí oúnjẹ gbígbẹ kò bá a lára mu. N óò fa oògùn olómi kan tó dùn bíi ṣúgà sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, n óò fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, n óò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà sá sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Bákan náà ni tìrọ̀lẹ́. Mo gbé omi sí ibi mẹ́ta nínú ilé, nítorí ológbò kì í fẹ́ mu omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, kò sì fẹ́ èyí tó wà nítòsí ibi tó ń yàgbẹ́ sí. Mo ń fi kóòmù ya irun rẹ̀ kó má baà gbé e mì kó lọ dí i nínú. Mo ń fi okùn bá a ṣeré kó lè máa rìn, nítorí bó bá sanra, wàhálà á pọ̀ sí i. Nígbà kan, Miss Loretta pè mí láti Brandywine, ó ní kí n máa fi elégédé inú agolo kún oúnjẹ rẹ̀. Mo fi kún un. Dókítà ní díẹ̀ kò burú fún ológbò mìíràn, ṣùgbọ́n fún tèmi yìí, "ọ̀nà ti há, o tún fẹ́ kó ẹrù sí i?" Mo dáwọ́ dúró.

Mo sì ní ìwé kékeré kan lórí fíríìjì. Ọjọ́ tó bá yàgbẹ́, n óò kọ ọ́: ó le, ó rọ̀, ó kéré, ó pọ̀. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí nǹkan, kí n pe dókítà. Òfin nìyẹn.

Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́ nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún un. "Ológbò tiwa nílé yìí, ta ló mọ ibi tó ń yàgbẹ́ sí? Ìwọ tó o ka ìwé tó báyẹn!" Ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dáa kó o ní nǹkan tó ń dúró dè ọ́ nílé."

Bọ́tà kò fẹ́ràn mi. N kò ní purọ́. Bó bá rí sírínjì, á sá sábẹ́ àga, á sì fi èékánná bù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ tó fò bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Fún ọdún mẹ́ta, òun ni ohun abẹ̀mí kan ṣoṣo tí mo ń bá sọ Yorùbá nínú ilé mi. Àwọn èèyàn wa wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n dáa sí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá padà sílé, ilẹ̀kùn mi ni mo ń tì. Àwọn ará ilé máa ń béèrè lórí fóònù pé ṣé ara mi ti mọlé. Mo máa ń ní ó ti mọlé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀. Mo mọ ibi tí iyọ̀ wà ní ilé ìtajà, mo mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí láàárọ̀. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní kí ara mọlé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Rófíátù nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde tó sì wá bá mi. Ó ti ga tó ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú pálọ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń kí onílé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti gbé àpótí rẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Ó rí Bọ́tà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga. Ó ní òun kò fẹ́ kó fara kan òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin tó dé, mo ti kírun tán, mo kúnlẹ̀ ti Bọ́tà nínú ilé ìdáná, sírínjì lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe gbogbo èyí?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Ó wo ìwé tó wà lórí fíríìjì. Ó sún mọ́ ọn, ó ṣí i, ó kà á.

"Lọ́dún tó kọjá, ibà mú mi, wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá àgbà pè yín. Wọ́n ní ẹ wà níbi iṣẹ́, ẹ ò lè gbé fóònù."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Rófí. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i, mo sì pè."

"Mo mọ̀ pé ẹ pè." Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e padà sí ibi tó wà. "Ẹ wá ń kọ ọjọ́ tí ológbò yàgbẹ́ sílẹ̀."

Ó yípadà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ì bá jẹ́ pé ó gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ mi lójú, ì bá sàn fún mi.

Mo pe Màámi. "Má bá a jà," ó wí. "Ọmọ yẹn kò bínú sí ológbò."

"Èmi ló ń bínú sí."

"Ẹ̀ẹ́n. O kúkú mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé. Ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń se oúnjẹ tó dùn ju tèmi lọ, ó ń fọ abọ́, ó ń kí mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n fi kún wákàtí iṣẹ́ wa, mo sì gbà á. Mo sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ibi iṣẹ́ rọrùn fún mi ju inú ilé tí ọmọ mi ti ń pè mí ní sà lọ. Òtútù kò jẹ́ kí Bọ́tà máa mu omi tó bó ṣe yẹ. Lẹ́ẹ̀mejì ní ìgbà òtútù yẹn ni a gbé e lọ kí wọ́n lè kó ìgbẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan wá wà tí ó rẹ̀ mí débi pé mo ń sùn lórí ìjókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Friday, mo wo ìwé, mo rí i pé ọjọ́ méjì ti pé láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ òfin. Mo wo fóònù, mo wo ibùsùn. Mo ní bó bá di ọ̀la.

Láàárọ̀ Saturday mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká sinmi lọ́sàn-án, mo ṣí àpótí, mo bá ìpè mẹ́sàn-án lórí fóònù mi, gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Rófíátù. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Ológbò yín ń bì, kò lè dìde. Mo ti gbé e lọ.

Mo bá súpáfáísọ̀ mi, mo ní mo gbọ́dọ̀ lọ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni. Irọ́ kọ́.

Mo bá a ní ilé ìwòsàn ẹran náà. Ó jókòó sórí àga, apẹ̀rẹ̀ aṣọ dídọ̀tí wa tó fi gbé Bọ́tà wá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣófo, wọ́n ti gbé ológbò wọlé. Aṣọ òtútù rẹ̀ ló fi wé ológbò náà, òun fúnra rẹ̀ wá ń gbọ̀n nínú ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èékánná ti ya ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ológbò fara kan òun ti gbé e rìn fún bí ogún ìṣẹ́jú lójú títì tí yìnyín wà.

"Ọjọ́ kẹta rèé," ó wí fún mi. "Ọjọ́ méjì ni òfin yín."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo máa ń ka ìwé yẹn lójoojúmọ́."

Dókítà pè wá wọlé. Ó ní ìfun Bọ́tà ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò lágbára mọ́. Òun lè kó ìgbẹ́ jáde lónìí, ṣùgbọ́n yóò tún rí bẹ́ẹ̀ kí oṣù tó parí. Iṣẹ́ abẹ wà, tí wọn ó gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, tí wọn ó sì rán ìyókù pọ̀. Ọ̀pọ̀ ológbò ló ń yè é, kì í ṣe gbogbo wọn. Bí a kò bá sì fẹ́ ìyẹn, òun lè jẹ́ kó lọ ní ìrọ̀rùn, láìsí ìrora.

Mo wo Bọ́tà. Ẹnu rẹ̀ ń yọ itọ́. Mo ronú kan páálí, àsùbáà, sírínjì, ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí.

"Bóyá ká jẹ́ kó sinmi," mo wí.

Yorùbá ni Rófíátù fi sọ̀rọ̀ níwájú dókítà. Kò pariwo.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe? Bí nǹkan bá ti le, ẹ ó fi sílẹ̀?"

Mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ láyé mi. Mo mọ ìgbà tí ọmọ ń béèrè ohun tí kò mọ̀, mo sì mọ ìgbà tó ń béèrè ohun tó ti mọ̀.

"Rófí," mo ní, "ní ọdún karùn-ún, mo láyè láti wálé. Ìwé mi ti gún. Mo lè wá wò yín kí n sì padà. Mi ò wá."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìyá àgbà ní ìwé ló fà á."

"Ìwé ló jẹ́ kó pẹ́ kí ìwọ tó wá síbí. Ìwé kọ́ ló fà á tí èmi ò fi wá sílé. Ojú ló ń tì mí. Tíṣà ni mo jẹ́ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí mo dà. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀ díẹ̀. Ọdún kan wá ń gun orí èkejì."

"Ìyá àgbà mọ̀?"

"Ó mọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ."

Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rọra yíjú sí àwòrán egungun tó wà lójú iná, ó ń wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Rófíátù sunkún. Kò bò ó mọ́lẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, n kò mọ ibi tí n óò fi ọwọ́ mi sí. Nígbà tó ṣe, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó ti ya yẹn nu ojú.

"Mo rò pé èmi ni mo ṣe nǹkan kan," ó ní. "Mo rò pé mo ṣe nǹkan kan lórí fóònù."

"O ò ṣe nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún dókítà pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà wò mí. Mo mi orí pé mo gbà.

Bọ́tà yè é. Ọjọ́ kẹrin ni a gbé e padà wálé, wọ́n ti fá irun inú rẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an wà níbẹ̀. Ohun tí dókítà ti kìlọ̀ fún wa sì ṣẹlẹ̀: fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìgbẹ́ rẹ̀ ń tú bí omi. Ó yà á sí pálọ̀, ó yà á sórí bàtà iṣẹ́ mi, ó yà á sí ẹsẹ̀ ẹní ìkírun tí mo ti gbàgbé láti ká. Àwa tí à ń bẹ Ọlọ́run pé kó yàgbẹ́ tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tó yà á sínú báàgì ilé ìwé Rófíátù, mo dúró kí n gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ó wo inú báàgì náà, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láì jẹ́ pé fóònù ló gbé e wá.

Ìgbẹ́ náà dì níkẹyìn. Oògùn dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n omi inú oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ dín kù, ìwé orí fíríìjì sì wà síbẹ̀. Rófíátù ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo sírínjì. Mo kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ó ní èmi ń kánjú, ológbò sì mọ ẹni tó ń kánjú.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ló dárí jì mí. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí a máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ọdún karùn-ún á padà wá, Rófíátù á sì béèrè nǹkan: oṣù wo ni? Ta ni mo sọ ọ́ fún? Ṣé mo tilẹ̀ wo iye wákàtí tí ọkọ̀ òfúrufú ń rìn? Mo ń dáhùn. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ń dáhùn. Òun náà pe Ìyá àgbà rẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Nígbà tó jáde, ó ní, "Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ ti jẹun." Mo ní n kò tíì jẹun. Ó lọ gbé ìrẹsì kaná.

Ní Sunday kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, mo kírun àsùbáà, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó dìde po oúnjẹ Bọ́tà. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti kún yàrá. N kò sùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Mo fò dìde, mo sáré lọ sí ilé ìdáná. Ilé dákẹ́. Bọ́tà na ara rẹ̀ sójú fèrèsé, kò tilẹ̀ wò mí. Abọ́ rẹ̀ ti wà ní fífọ̀. Bébà kan wà lórí tábìlì, Rófíátù ló kọ ọ́, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, kò fi àmì kankan sí i:

Mo ti fun un loogun. O ti yagbe, o po. Mo ti lo si ile kewu. E ma tii dide.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lọ sùn.